Irin Òmìnira Lọ́kọ́ja: Ẹrú Tí A Dá Sílẹ̀, Ǹjẹ́ Ó Dòmìnira Tán?

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní ìbí kò ju ìbí. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, tọmọdé tàgbà wa ni ó sì ń pa á lówe. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kì bá tí pa á bí kò ṣe pé wọ́n ń rí i lójoojúmọ́ pé a kì í wo ẹrú bí a ti í wo ọmọ. Òwe ìbáwí ni, kì í ṣe òwe ìròyìn. Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ní Kánò àti Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì àti Mìnnà, títí dé Màkúdì àti Máídúgùrí, ọ̀rọ̀ ibi tí òmìnira ẹrú dé dúró ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Láti Lọ́kọ́ja ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì gba inú ìwé àwọn òǹkọ̀wé kọjá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí ìwé òfin kò sọ nípa ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ti sọ fún wa.

IRIN MÉJÌ NÍ LỌ́KỌ́JA

Ẹni tí ó bá ti dé Lọ́kọ́ja, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí tí a dá sílẹ̀ ní 1991, yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bénúè ti pàdé. Ní ọgbà ilé-ìwé Holy Trinity, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, irin méjì wà tí a rì mọ́lẹ̀ ṣánṣán. Irin Òmìnira ni wọ́n ń pè wọ́n. Ohun tí a ń ròyìn ní ìlú náà ni pé ibẹ̀ ni a ti kéde òmìnira fún àwọn ẹrú ní 1900, àti pé ẹni tí ó bá ti gba àárín irin méjèèjì kọjá, ẹrú rẹ̀ tán nìyẹn.

Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé Lọ́kọ́ja ni irú irin bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1841 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gòkè Odò Ọya láti bá àwọn ọba etídò ṣe àdéhùn kí òwò ẹrú lè dópin. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Attah Igala, wọ́n sì dá oko kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n rò pé yóò jẹ́ àwòkọ́ṣe fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ibà kọlù wọ́n, ó pa àwọn òyìnbó tí ó lé ní ogójì, nígbà tí yóò sì fi di ìparí 1842 wọ́n ti pa oko náà tì. Ọmọ Yorùbá kan tí ó ti ṣẹrú rí bá wọn lọ nínú ìrìn àjò náà: Àjàyí Crowther ni. Nígbà tí ó tó nǹkan bí 1860, dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ William Baikie wá fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó. Ó ń ra ẹrú, ó sì ń dá wọn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn oríṣiríṣi èdè ṣe kóra jọ yí i ká.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàì kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Òkun, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wẹ́, jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe tí ń ti Bídà wá kó wọn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó tilẹ̀ burú débi pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ìlú mìíràn ń fi san ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger gbéra láti Lọ́kọ́ja, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, ọ̀pọ̀ ẹrú gbé ẹrù wọn karí, wọ́n forí lé ọ̀nà ilé. Wọn kò dúró de irin kankan. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi kéde òmìnira tiwọn.

ÒFIN FI ỌWỌ́ Ọ̀TÚN FÚNNI, Ó FI TÒSÌ GBÀ Á

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́ja, a sọ àsíá ilé-iṣẹ́ Royal Niger kalẹ̀, a sì fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Frederick Lugard di aláṣẹ gbogbo Àríwá. Ó fi òfin de kíkó ènìyàn lẹ́rú àti títà wọ́n. Ó sọ pé kóòtù kò gbọdọ̀ ka ẹnikẹ́ni sí ẹrú mọ́, àti pé gbogbo ọmọ tí a bá bí láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1901, ọmọlúàbí olómìnira ni. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ aṣọ. Òfin náà kò sọ pé kí àwọn tí ó ti wà nínú oko ẹrú máa lọ sí ilé wọn. Kò sọ pé ẹni tí ó ní ẹrú nílé ti dẹ́ṣẹ̀. Lugard mọ̀ pé orí ẹrú ni iṣẹ́ oko duro lé, ó sì ń wá ojú rere àwọn ọba Hausa àti Fulani tí yóò bá a ṣàkóso ilẹ̀. Bí gbogbo ẹrú bá fi oko sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàn yóò mú, owó orí yóò sì dínkù. Nítorí náà a sọ fún ẹrú pé bí ó bá fẹ́ dòmìnira, kí ó ṣiṣẹ́ kí ó sì ra ara rẹ̀ padà níwájú adájọ́ Alkali. Ẹni tí ó bá sá lọ láìsan owó ìràpadà, a lè ka á sí alárìnkiri, a sì lè fi ilẹ̀ tí yóò dá oko sí dù ú. Ní ti obìnrin tí olówó rẹ̀ fi ṣe aya, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sá, wọ́n sábà máa ń dá a padà. Ó di ọdún 1936 kí òfin tó wá sọ ọ́ gbangba pé gbogbo ẹrú tí ó kù ní Àríwá ti dòmìnira. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ó wà láàárín ìkéde Lọ́kọ́ja àti ọjọ́ náà. Ẹni tí a bí ní ẹrú ní 1899 ti di bàbá àgbàlagbà kí òfin tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọdé tí a gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú pẹ̀lú ní ìtàn tiwọn. Ìjọba kọ́ ilé fún wọn ní Zungeru, nígbà tí ó sì di 1909 a fà wọ́n lé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Rumasha, létí Odò Bénúè. Oúnjẹ wà, aṣọ wà, ẹ̀kọ́ díẹ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ orúkọ bàbá wọn mọ́, tí wọn kò sì mọ apá ibi tí ìlú wọn wà. A ti já okùn ọrùn wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè bá wọn so okùn ìdílé tí ó ti já.

ÀJÀYÍ CROWTHER: ẸRÚ TÍ Ó DI BÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Bí ẹnìkan bá wà tí a lè sọ pé ó gba àárín irin òmìnira kọjá tán pátápátá, Àjàyí ni. Ní 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣoògùn, tòun ti ìyá rẹ̀ Afala. Láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì, wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á là ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Fírítáùn. Ó kàwé, ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1846 ni Ọlọ́run mú un pàdé ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1864, nínú Kàtídírà Canterbury, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Àǹglíkà. Odò Ọya ni a fi lé e lọ́wọ́, Lọ́kọ́ja sì wà nínú oko rẹ̀. Àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ọmọ ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, láti Sàró ni wọ́n ti wá.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ owó míṣọ́ọ̀nù ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òkèèrè dé dojú kọ bàbá arúgbó yìí. Wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀, wọ́n dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ Dandeson pàápàá dúró. Bíṣọ́ọ̀bù náà kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó papòdà ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó sì ju àádọ́ta ọdún lọ kí ọmọ ilẹ̀ wa kan tó tún jókòó lórí ìtẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní àgbègbè tirẹ̀. A dá ẹrú sílẹ̀, a kọ́ ọ ní ìwé, a fi í joyè, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó kí a fọkàn tán an bí ọmọ, a rántí ibi tí a ti mú un. Ibi tí òmìnira rẹ̀ dé dúró nìyẹn, kò sì sí òfin kankan tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ÒǸKỌ̀WÉ RÍ

Irú nǹkan báyìí, tí kò sí nínú òfin ṣùgbọ́n tí ó wà nínú ojú àti nínú ọkàn, ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ mọ̀ ọ́n tọ́ ka sí. Kì í ṣe gbogbo wọn náà ni ó rí i. Charles Dickens, gbajúgbajà òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, fi ìrìn àjò 1841 yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé rẹ̀ Bleak House, tí ó jáde láàárín 1852 sí 1853. Ó dá ìyáàfin kan sílẹ̀ tí ń rojọ́ ìlú kan tí ń jẹ́ Borrioboola-Gha létí Odò Ọya tọ̀sán tòru, nígbà tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń ráre nílé. Yẹ̀yẹ́ náà mú, ó sì bá àwọn aláàánú ojú ayé wí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ńlá náà, kò sí ará etí Odò Ọya kan ṣoṣo tí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kò rí àyè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn tí a kó lọ sí òkè òkun ni iṣẹ́ náà kù sí.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Hausa yóò mọ Shaihu Umar, ìwé kékeré tí Abubakar Tafawa Balewa kọ ní nǹkan bí 1934, kí ó tó di olórí ìjọba ilẹ̀ wa. Wọ́n jí Umar gbé nígbà tí ó wà ní ọmọdé, wọ́n sì gbé e gba aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Íjíbítì. Ẹni tí ó rà á ṣàánú rẹ̀, ó fi í ṣe ọmọ, ó fi í sí ilé kéwú, Umar sì di ọ̀mọ̀wé pàtàkì. Bí ìtàn bá dúró síbẹ̀, a ó ní ẹrú tirẹ̀ ti di ire. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbéra láti wá a, àwọn tí ó fọkàn tán sì sọ òun náà di ẹrú. Nígbà tí tìyá tọmọ fi máa fojú kan ara wọn, ọjọ́ ti lọ, ikú ti dé ẹnu ọ̀nà. Balewa kò bú ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà. Ìtàn nìkan ni ó fi hàn wá pé inú rere olówó ẹrú kò lè dá ohun tí a gbà lọ́wọ́ ìyá ọmọ padà.

Nílé wa níhìn-ín, Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn yìí, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú nídìí ìkúnlẹ̀, ṣòfin pé ẹrúbìnrin kan kò gbọdọ̀ lóyún nínú ilé rẹ̀, ẹrúkùnrin kan kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Adétutù lóyún, orí rẹ̀ sì ni ó fi dí i. Ìtáwuyì tí ó ni oyún náà gbìyànjú àtigbẹ̀san, òun náà bá a lọ. Eré náà dópin nígbà tí Ìyálóde alára kú. Inú àwọn òǹwòran a máa dùn pé ìkà ti kan oníkà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a gbé lọ sí ilé: àwọn ẹrú tí ó kù ńkọ́? Ilé ta ni wọn yóò wọ̀? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ní Ìbàdàn ní 1874 kò múni lórí yá. Ẹrú Ẹfúnṣetán méjì ni àwọn alágbára lò láti pa á lóru. Nígbà tí ariwo ta, àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa. Àwọn tí ó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ jókòó sí ilé wọn. Ẹrú tí a bá fi òmìnira tàn, irinṣẹ́ lásán ni ní ọwọ́ ẹni tí ó tàn án.

Buchi Emecheta, ọmọ Ibuza ní apá ìsàlẹ̀ Odò Ọya, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò fẹ́ kí ó dé. Nínú The Slave Girl, tí ó jáde ní 1977, àjàkálẹ̀ àrùn 1918 pa bàbá àti ìyá Ojebeta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ sí Onitsha, ó tà á fún ìyá oníṣòwò kan tí ó lówó lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí olówó rẹ̀ kú, Ojebeta padà sí ilé. Ó lọ́kọ, ó dé Èkó. Ṣùgbọ́n a kò tí ì rà á padà gẹ́gẹ́ bí àṣà, oyún sì ń bàjẹ́ lára rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì gbà pé nítorí èyí ni. Níkẹyìn ọkọ rẹ̀ san owó náà fún ọmọ olówó rẹ̀ àtijọ́. Inú Ojebeta dùn pé òun ti dòmìnira. Emecheta wá fi yé wa wẹ́rẹ́ pé olówó ni obìnrin náà pààrọ̀: láti ọwọ́ ẹni tí ó rà á bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó san owó ìràpadà rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin méjì ń ka owó láàárín ara wọn lórí obìnrin, òmìnira ta ni wọ́n ń rà?

Chinua Achebe náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nínú No Longer at Ease, ní 1960, Obi tí ó kàwé ní ìlú òyìnbó fẹ́ fẹ́ Clara, nọ́ọ̀sì tí òun náà kàwé ní ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n osu ni Clara, àtọmọdọ́mọ àwọn tí a fi jìn fún òrìṣà nígbà kan rí. Bàbá Obi, ẹni tí ó ti gba ìgbàgbọ́ tipẹ́tipẹ́, kò gbà. Ìjọba Ìlà-Oòrùn ti fi òfin pa osu rẹ́ ní 1956. Òfin wà nínú ìwé, ìwé wà nínú àpótí. Ìdí àna ni ọ̀rọ̀ ti ń wáyé.

LÁTI ETÍ OHIO DÉ ZANZIBAR

Bí a bá yí ojú sí òkè òkun níbi tí a kó àwọn ará wa lọ, bákan náà ni ọmọ ń ṣorí. Toni Morrison, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, kọ Beloved ní 1987. Nínú rẹ̀, ọmọkùnrin kan ń ta ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí ó lè fi owó rẹ̀ ra ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá náà, Baby Suggs, rékọjá Odò Ohio, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìyanu pé òun ni ó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́jọ tí ó bí, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n jẹ́ kí ó tọ́ dàgbà. Aya ọmọ rẹ̀, Sethe, sá tẹ̀lé e wá. Òmìnira Sethe kò tó oṣù kan tí àwọn adọdẹ-ẹrú fi ká a mọ́lé, nítorí òfin 1850 fún wọn láṣẹ láti kọjá odò wá mú ẹrú ní ilẹ̀ tí a ń pè ní ilẹ̀ òmìnira. Ohun tí Sethe ṣe ní ọjọ́ náà fún ọmọ ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n má ba à mú un padà, a kò ní sọ ọ́ síhìn-ín; ẹni tí ó bá ní ọkàn líle ni kí ó lọ kà á. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé odò tí ẹrú rékọjá, ìrántí rẹ̀ bá a rékọjá.

Yaa Gyasi, ọmọ Gánà, tún fi kún un nínú Homegoing ní 2016. Ó mú wa dé Alabama lẹ́yìn ìgbà tí òfin 1865 ti dá gbogbo ẹrú Amẹ́ríkà sílẹ̀. Òfin náà yọ ẹnìkan sílẹ̀: ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi. H, tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú, ni wọ́n mú pé ó wo obìnrin òyìnbó. Kò rí dọ́là mẹ́wàá san fún ìtanràn, wọ́n sì tì í wọ inú kòtò èédú láti máa wa á. Ìtàn àròsọ ni H, ṣùgbọ́n àwọn kòtò èédú Alabama àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí a ń yá fún wọn kì í ṣe àròsọ.

Abdulrazak Gurnah, ọmọ Zanzibar tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021, ni ó sọ èyí tí ó mú wa ronú jù lọ. Nínú Paradise, tí ó jáde ní 1994, bàbá arúgbó kan wà tí ń tọ́jú ọgbà ọ̀gá rẹ̀. Ẹrú ni nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òmìnira fún un bí ẹni gbé ẹ̀bùn fúnni, ó kọ̀ ọ́. Ohun tí ó ń bi àwọn ènìyàn ni pé ta ni ó sọ fún ìyáàfin náà pé òun ni ó ni òmìnira tí ó fẹ́ fi tọrẹ. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Irin Lọ́kọ́ja. Ẹni tí ó bá ní òun dá ọ sílẹ̀ ti kọ́kọ́ ní kí o gbà pé òun ni ó ni ọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Lugard fi wà nínú gbogbo ìwé ìtàn, tí orúkọ àwọn tí ó sá kúrò ní Bídà ní 1897 kò sì sí níbì kan.

KÍ NI Ó KAN ÀWA TÍ A WÀ NÍ ÌDÁLẸ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé fún ìpàdé ẹbí, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ oyè bá délẹ̀, ǹjẹ́ ẹ kò tí ì gbọ́ kí àgbà kan rẹ ohùn sílẹ̀ pé kí a bi lágbájá léèrè ilé bàbá rẹ̀? Nígbà tí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wá, tí a rán àwọn ènìyàn lọ ṣe ìwádìí, ǹjẹ́ kì í ṣe ohun kan náà tí bàbá Obi ń wá ni a ń wá? Yorùbá fọ́nnu pé ẹrú tí ó bá pẹ́ nílé a di ọmọ. Òótọ́ ni, ó ń dà á, títí ìjà ó fi dé. Ọjọ́ ìjà ni a máa ń mọ̀ pé ẹnìkan ti ń fi orúkọ náà pamọ́ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí ìdílé ńlá kan ní ilẹ̀ wa, láti Ìbàdàn títí dé Ìlọrin, tí kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹní.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ẹ mọ bí ó ti rí kí ènìyàn gbé ìlú fún ogójì ọdún, kí ó bímọ síbẹ̀, kí ó sin òbí síbẹ̀, kí ó san owó orí pé ṣánṣán, kí ọmọ tí a bí lánàá sì wá pè é ní àlejò nígbà tí iṣẹ́ tàbí ilẹ̀ bá délẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín níbikíbi tí ẹ bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé ọ̀nà jìn láàárín ohun tí ìwé òfin sọ àti ohun tí aládùúgbò gbà. A kò sọ pé àlejò àti ẹrú rí bákan náà o. Wọn kò rí bákan náà rárá. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí bàtà ti ta lẹ́sẹ̀ rí kò yẹ kí ó fún ẹlòmíràn ní bàtà bẹ́ẹ̀ wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sì tún kù tí ó wà nínú ilé wa lónìí olónìí. Ọmọbìnrin kékeré tí a mú láti ìletò, tí a sọ fún ìyá rẹ̀ pé a ó fi í sí ilé-ìwé, tí ó wá di ẹni tí ń jí ṣáájú gbogbo ilé tí ó sì ń sùn kẹ́yìn wọn, tí owó rẹ̀ ń lọ sí ọwọ́ ẹni tí ó mú un wá, kí ni a fẹ́ máa pè é? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003. Bí ó ti rí fún òfin Lugard ni ó rí fún un: bí kò bá wọ inú yàrá ìdáná, kò tí ì dé ibi tí ó ń lọ. Ojebeta ṣì wà láàárín wa, ó ń fọ abọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò ṣòro. Ẹni tí ó bá ní ọmọ ọ̀dọ̀, kí ó fi í sí ilé-ìwé, kí ó san owó rẹ̀ fún un, kí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ rí ìyá rẹ̀. Nínú ìpàdé ẹbí, àti nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ẹ dá sílẹ̀ ní ìlú tí ẹ wà, ẹ fi òfin de bíbi ènìyàn léèrè ìran tí ó ti wá nítorí àtifi nǹkan dù ú. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ka àwọn ìwé tí a dárúkọ wọ̀nyí, kí wọ́n sì lọ wo irin méjèèjì nígbà tí ọkọ̀ tí ń gbé wọn lọ sí ilé bá gba Lọ́kọ́ja kọjá.

Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ìjọba lè ri irin mọ́lẹ̀ kí ó ní kí ènìyàn gba àárín rẹ̀ kọjá, ìyẹn kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Kí a tó ka ẹni náà mọ́ ọmọ nídìí ilẹ̀, nídìí oyè àti nídìí ìgbéyàwó, iṣẹ́ tiwa ni, lójoojúmọ́.